Kókó nínú ọkàn ọmọ inú oyún: Kí ni skáànù lè fi han òbí, kí ló sì yẹ kó tẹ̀lé e?

Aláboyún kan lọ ṣe skáànù nígbà tí oyún rẹ̀ wọ oṣù keje. Ohun tó fẹ́ mọ̀ kò ju bóyá ọmọ ti dorí kodò, àti bóyá akọ ni tàbí abo. Ẹni tó ń ṣe skáànù náà kọ́kọ́ ń bá a ṣàwàdà. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Ó yí ọwọ́ ẹ̀rọ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí ikùn, ó tún padà sí àyà ọmọ. Lẹ́yìn náà ló ní: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rí dókítà yín. Ó dà bíi pé kókó wà nínú ọkàn ọmọ."

Àpẹẹrẹ lásán lèyí, kì í ṣe ìtàn ẹnì kan pàtó. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ skáànù ṣe ń pọ̀ sí i ní àwọn ilé ìwòsàn aládàáni láti Èkó dé Cotonou, dé Accra, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà yóò máa fi ohun tí ẹnikẹ́ni kò wá lọ síbẹ̀ han àwọn òbí. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: nígbà tí ẹ̀rọ bá ti sọ̀rọ̀ tán, ta ni yóò túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá? Ibo ni yóò lọ? Kí sì ni ìmọ̀ náà yóò ṣe fún ọmọ?

Ìtúpalẹ̀ yìí wo ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn mọ̀ nípa kókó ọkàn inú oyún, àìsàn àbímọ́ tó sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀, àti ìdí tí àǹfààní ìmọ̀ náà fi dá lórí ohun tí ìjọba àti ilé ìwòsàn wa bá ṣe lẹ́yìn skáànù.

Irú kókó wo ni?

Kókó inú ọkàn kò wọ́pọ̀ lára ọmọ inú oyún. Nínú àwọn tí dókítà ń rí, èyí tó pọ̀ jù lọ ni wọ́n ń pè ní rhabdomyoma, òun nìkan ló sì kó ju ìdajì lọ nínú gbogbo wọn. Àwọn mìíràn tó tún wà ni teratoma, tó sábà máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkàn tí omi sì máa ń gbá jọ yí i ká, àti fibroma, tó sábà máa ń jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí òbí gbọ́ ni pé rhabdomyoma kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kì í tàn ká ara. Iṣan ọkàn fúnra rẹ̀ ló hù ju bó ṣe yẹ lọ ní ojú kan. Lórí skáànù, ó máa ń funfun ju ara ọkàn tó yí i ká lọ, ó máa ń rí roboto, ó sì lè jẹ́ ẹyọ kan tàbí púpọ̀.

Ó sábà máa ń fara hàn lẹ́yìn tí oyún bá ti kọjá ogún ọ̀sẹ̀. Ó lè máa tóbi sí i títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n. Àwọn onímọ̀ gbà pé hòmóònù ìyá wà lára ohun tó ń bọ́ ọ, nítorí pé bí wọ́n bá ti bí ọmọ tán, púpọ̀ nínú kókó wọ̀nyí máa ń súnkì fúnra wọn. Láàrin ọdún mélòó kan, ọ̀pọ̀ ọmọ kì í ní nǹkan kan tó kù lọ́kàn mọ́, láìfi ọ̀bẹ kàn wọ́n.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kò léwu rárá. Bí kókó náà bá wà lójú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ó lè dí i. Ó lè da lílù ọkàn rú, kó máa sáré ju tàbí kó máa fà. Bí ọkàn bá ń tiraka ju agbára rẹ̀ lọ, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá jọ sí ara ọmọ, ọmọ sì lè kú sínú. Àwọn tí èyí ń ṣẹlẹ̀ sí kò pọ̀, àmọ́ àwọn ni ìdí tó fi yẹ kí wọ́n máa tún skáànù ṣe ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan síra, kí wọ́n sì ti mọ ilé ìwòsàn tí ìyá yóò bímọ sí kí ọjọ́ tó pé.

Kí ló da ọkàn pọ̀ mọ́ ọpọlọ?

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù nìyí. Ó ju ìdajì lọ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bá rhabdomyoma lọ́kàn wọn nínú oyún tó ní àìsàn àbímọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tuberous Sclerosis Complex, TSC ní kúkúrú. Bí kókó náà bá ju ẹyọ kan lọ, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló ní i. Nítorí náà, kókó ọkàn lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́ àìsàn tí yóò kan ọpọlọ, awọ ara, kíndìnrín, ojú, àti ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí ọmọ bá dàgbà.

Dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Désiré-Magloire Bourneville, ló ṣàpèjúwe àìsàn náà lọ́dún 1880, tó sì fún un lórúkọ nítorí àwọn ibi líle tó rí nínú ọpọlọ. Ó gba ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó rí orísun rẹ̀. Lọ́dún 1993, wọ́n rí jíìnì TSC2. Lọ́dún 1997, wọ́n rí TSC1. Iṣẹ́ méjèèjì dà bíi bíréèkì ọkọ̀: àwọn ló ń dá ìdàgbàsókè ara dúró níbi tó yẹ kó dúró. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti bàjẹ́, ara á máa hu kókó ní oríṣiríṣi ibi.

Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ọmọ kan nínú nǹkan bí 6,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú TSC. Iye náà lè dà bí ohun kékeré létí. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi mílíọ̀nù méje ọmọ ni wọ́n ń bí ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Bí ìṣirò náà bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ó ju ẹgbẹ̀rún ọmọ lọ lọ́dún kan, ní orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Ìdílé mélòó nínú wọn ló ti gbọ́ orúkọ àìsàn náà rí?

Nínú ọmọ mẹ́wàá tó ní TSC, ó kéré tán mẹ́jọ ni wárápá máa ń bá jà, púpọ̀ nínú wọn kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́ta. Nǹkan bí ìdajì ni ẹ̀kọ́ máa ń ṣòro fún, àwọn kan sì máa ń ní ọ́tísíìmù. Àmọ́ apá kejì ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì: ìdajì yòókù lè kàwé, kí wọ́n ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì tọ́ ọmọ tiwọn. Àwọn kan wà tí wọ́n dàgbà tán tí wọn kò mọ̀ pé àwọn ní i.

Ṣé ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù ni?

Àwa Yorùbá ti mọ ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù dáadáa nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kì í so tọkọtaya pọ̀ láìrí ìwé àyẹ̀wò wọn. Nítorí náà, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ sí ẹ̀bí lọ́kàn ni pé: ṣé wọn kò ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó fẹ́ra ni?

TSC kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú fòníkú-fọ̀ladìde, bàbá àti ìyá gbọ́dọ̀ gbé jíìnì náà kí ọmọ tó lè ní in. Nínú TSC, jíìnì kan tó bàjẹ́, láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo, ti tó. Bí bàbá tàbí ìyá bá ní i, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdajì àǹfààní láti gbà á, bí ìgbà tí èèyàn ta owó ẹyọ.

Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó ní TSC kò jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ìyípadà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni, láìsí àìsàn náà nílé bàbá tàbí nílé ìyá. Kò sí oúnjẹ tí ìyá jẹ, kò sí ibi tó rìn dé, kò sí èpè tó fà á. Ó yẹ kí dókítà sọ èyí kedere lójú àwọn àna pàápàá, nítorí a mọ ẹni tí ẹ̀bi máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí lórí nílé wa bí ọmọ bá ní àìlera.

Ohun mìíràn tún wà tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Nígbà mìíràn, skáànù ọmọ ló máa ń tú àṣírí àìsàn òbí. Dókítà tó bá mọ iṣẹ́ yóò wo awọ ara bàbá àti ìyá. Ó lè rí àmì funfun tó gùn bí ewé lẹ́yìn tàbí lẹ́sẹ̀. Ó lè rí èso pupa wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú tí wọ́n ti ń pè ní irorẹ́ láti ìgbà èwe tí kò sì gbọ́ oògùn. Ó lè rí ẹran kékeré tó hù sí etí èékánná. Àmì funfun yìí máa ń hàn kedere lára aláwọ̀ dúdú ju bó ṣe ń hàn lára òyìnbó lọ, èyí sì jẹ́ àǹfààní tí kò ná ẹnikẹ́ni lówó.

Bí àyẹ̀wò kò bá tilẹ̀ rí nǹkan kan lára òbí méjèèjì, dókítà kò gbọdọ̀ sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀ mọ́ láé. Jíìnì tó bàjẹ́ lè wà nínú ẹyin ìyá tàbí nínú àtọ̀ bàbá nìkan láìhàn nínú ẹ̀jẹ̀. Ewu náà kéré gan-an, àmọ́ ó wà.

Kí ni skáànù lè rí, kí ni kò lè rí?

Lọ́dún 2016, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, dámọ̀ràn pé kí aláboyún kọ̀ọ̀kan ṣe skáànù kan ó kéré tán kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń bímọ sí, ètò ìlera NHS ń ṣe skáànù tó ń yẹ ẹ̀yà ara ọmọ wò láàrin ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún sí ọ̀sẹ̀ mọ́kànlélógún, ọkàn sì wà lára ohun tí wọ́n ń wò.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀. Rhabdomyoma lè má tíì hù ní àkókò yẹn. Ọmọ tí skáànù ogún ọ̀sẹ̀ sọ pé ọkàn rẹ̀ dá ṣáká lè ní kókó ní ọ̀sẹ̀ méjìdínlọ́gbọ̀n. Nítorí náà, bí òbí kan bá ní TSC, skáànù kan kò tó. Ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn náà.

Ìṣòro kejì wà lọ́wọ́ ẹni tó di ẹ̀rọ mú. Ọkàn ọmọ inú oyún kéré, ó ń sáré, ọmọ sì ń yí. Ẹni tí wọ́n kọ́ láti wo yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú ọkàn àti ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde yóò rí i bí kókó bá wà níbẹ̀. Ẹni tí wọn kò kọ́ lè ka lílù ọkàn nìkan, kó wọn itan àti orí, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ara ọmọ le. Ẹ̀rọ kan náà ni méjèèjì lò.

Àmì funfun kékeré kan tún wà nínú ọkàn ọmọ tí kì í ṣe kókó, tí kò sì ní ìpalára kankan. Ó wọ́pọ̀ púpọ̀ ju rhabdomyoma lọ. Nítorí èyí, ìyá tí wọ́n bá sọ fún pé wọ́n rí nǹkan lọ́kàn ọmọ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà tó mọ ọkàn ọmọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, àti kí ẹnikẹ́ni tó gbà á nímọ̀ràn láti ṣe ohunkóhun sí oyún náà.

Bí kókó bá dájú, àwọn orílẹ̀-èdè tó lówó máa ń fi ẹ̀rọ MRI wo ọpọlọ ọmọ nínú oyún, wọ́n sì lè fa díẹ̀ nínú omi tó yí ọmọ ká láti wá jíìnì TSC1 àti TSC2. Fífa omi náà ní ewu díẹ̀ pé oyún lè bàjẹ́. Àyẹ̀wò jíìnì náà sì ní ààlà: kì í rí i lára gbogbo ẹni tó ní àìsàn náà. Bó bá tilẹ̀ rí i, kò lè sọ bóyá ọmọ yìí yóò wà lára àwọn tí yóò kàwé tàbí àwọn tí yóò nílò ìtọ́jú títí ayé. Òótọ́ yìí ló nira jù láti sọ fún òbí, òun náà ló sì yẹ kí wọ́n sọ fún wọn jù.

Gìrì ni àbí wárápá?

Bí ilé ìwòsàn kò bá lè wo jíìnì, tí kò sì sí ẹni tó fẹ́ ṣẹ́ oyún, kí wá ni àǹfààní mímọ̀ ṣáájú? Ìdáhùn wà nínú oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ tí ọmọ bá lò láyé.

Wárápá TSC sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ ṣì wà lọ́mú, láàrin oṣù mẹ́ta sí mẹ́jọ lọ́pọ̀ ìgbà. Kì í fi gbogbo ìgbà rí bíi wárápá tí a mọ̀. Ọmọ lè kàn máa káwọ́ kó, kó tẹ orí síwájú, bí ẹni tí nǹkan já láyà. Á ṣe é, á dúró, á tún ṣe é, léraléra, pàápàá bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ìyá lè rò pé ó kàn ń ta gìrì ni, tàbí pé inú ló ń run ún. Bí ó bá ń tẹ̀ síwájú láìsí ìtọ́jú, ó máa ń ba ìdàgbàsókè ọpọlọ jẹ́. Ọmọ tó ti ń rẹ́rìn-ín lè ṣíwọ́ ẹ̀rín.

Nílẹ̀ Yorùbá, a ní orúkọ fún gìrì, a sì ní oògùn tí àwọn kan ṣì ń lò fún un. Àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù, ewé tábà àti àlùbọ́sà ṣe ti pa ọmọ, ó sì ti sọ àwọn mìíràn di aláìlera. Ó ti ju ogójì ọdún lọ tí àwọn oníwádìí ní Fásitì Ìbàdàn ti ń kìlọ̀ pé ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì ń pa wọ́n lára. Àwọn mìíràn ń ti ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná. Ọmọ TSC tí wọ́n gbé gba ọ̀nà yìí yóò ru ẹrù méjì.

Ìyá tí skáànù ti kìlọ̀ fún mọ ohun tó yẹ kó máa ṣọ́. Yóò mọ̀ pé ọmọ tó ń káwọ́ kó léraléra kì í ṣe ti alágbo. Yóò fi fóònù rẹ̀ gba fídíò rẹ̀, yóò sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Àwọn onímọ̀ kárí ayé dámọ̀ràn lọ́dún 2021 pé kí ọmọ tó ní TSC máa ṣe àyẹ̀wò EEG, èyí tó ń ka bí iná ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà títí tí yóò fi pé ọdún kan, kódà kí wárápá tó bẹ̀rẹ̀. Oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ ń lò fún irú wárápá ọmọdé yìí ni vigabatrin.

Ìwádìí kan ní Yúróòpù, EPISTOP, tó jáde lọ́dún 2021, fún àwọn ọmọ kan ní vigabatrin nígbà tí EEG bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, kí wárápá tó fojú hàn. Lọ́dọ̀ wọn, ó tó nǹkan bí ọjọ́ 364 kí wárápá àkọ́kọ́ tó dé. Lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n dúró de wárápá kí wọ́n tó fún wọn lóògùn, ọjọ́ 124 ni. Ìwádìí mìíràn ní Amẹ́ríkà, PREVeNT, kò rí i pé ó mú kí ọpọlọ àwọn ọmọ náà já fáfá sí i nígbà tí wọ́n pé ọdún méjì, ṣùgbọ́n ó rí i pé irú wárápá tí ọmọ fi ń káwọ́ kó yẹn dín kù. Àwọn dókítà ṣì ń jiyàn lórí fífún ọmọ lóògùn ṣáájú. Wọn kò jiyàn lórí pé bí wárápá náà bá ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó kọjá ṣe pàtàkì.

Oògùn mìíràn tún wà tó ń ṣiṣẹ́ bíi bíréèkì tó bàjẹ́ náà: sirolimus àti ẹ̀gbọ́n-òun-àbúrò rẹ̀, everolimus. Ilẹ̀ erékùṣù Rapa Nui ni wọ́n ti rí kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣe sirolimus. Wọ́n ń lo everolimus fún kókó ọpọlọ àti wárápá TSC. Àwọn dókítà kan ti fún ìyá ní sirolimus nígbà tí kókó ọkàn ọmọ fẹ́ pa á nínú oyún, kókó náà sì súnkì. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ lára wọn kò tíì pọ̀ tó láti sọ ọ́ di ìtọ́jú gbogbo èèyàn.

Kí ni òfin sọ?

Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, ìròyìn yìí máa ń mú kí dókítà béèrè bóyá òbí fẹ́ dá oyún náà dúró. Lẹ́bàá wa, ìdáhùn òfin yàtọ̀ bí èèyàn bá ṣe ń kọjá ẹnubodè.

Ní Nàìjíríà, òfin ìwà ọ̀daràn tó wà ní gúúsù àti èyí tó wà ní àríwá fàyè gba ìṣẹ́yún láti gba ẹ̀mí ìyá là nìkan. Àìsàn ọmọ kò sí níbẹ̀. Ní Ghana, òfin ọdún 1985 fàyè gbà á bí ewu tó pọ̀ bá wà pé ọmọ yóò ní àbùkù ara tàbí àìsàn tó le. Ní Benin, òfin ọdún 2003 ti fàyè sílẹ̀ fún oyún tí àìsàn ọmọ inú rẹ̀ le gan-an. Lọ́dún 2021, ilé aṣòfin tún fẹ òfin náà, kí obìnrin tí oyún yóò kó sínú ìṣòro ìgbé ayé, ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ lè ṣẹ́ ẹ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ méjìlá.

Ṣùgbọ́n kókó ọkàn kì í hàn kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ méjìlá. Oṣù karùn-ún, oṣù kẹfà, oṣù keje ló ń hàn. Nítorí náà, àríyànjiyàn lórí ìṣẹ́yún, bó ti wù kó gbóná tó, kò dáhùn ìbéèrè ọ̀pọ̀ ìyá tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ewu tó wà níbi tí òfin àti ìmọ̀ràn bá ti kùnà ni pé kí ìyá tí ẹ̀rù ti bà gbọ̀nà ẹ̀yìn lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ iṣẹ́, pẹ̀lú oyún tó ti tóbi, nítorí kókó tó lè jẹ́ pé yóò súnkì fúnra rẹ̀. Yálà èèyàn gbà pẹ̀lú òfin Nàìjíríà tàbí kò gbà, òfin tó ní kí ìyá bí ọmọ náà gbọ́dọ̀ ní ètò fún ọmọ náà lẹ́yìn tó bá bí i. Ibi tí a kò tíì dé nìyẹn.

Ṣé àìsàn olówó kọ́ lèyí?

Ẹni tó bá ní kí ìjọba gbájú mọ́ ohun mìíràn ní ẹjọ́ tó ṣe é gbọ́. WHO àti àwọn àjọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí obìnrin 75,000 ló kú nítorí oyún tàbí ìbímọ ní Nàìjíríà lọ́dún 2023. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ lágbàáyé lọ. Ìwádìí ìjọba lórí ìlera àwọn ẹbí lọ́dún 2018 fi hàn pé ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún aláboyún ló rí òṣìṣẹ́ ìlera tó kọ́ṣẹ́, ìdá 39 péré ló sì bímọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń pa ìyá, ta ló ń sọ̀rọ̀ jíìnì?

Ṣùgbọ́n skáànù tó ń rí kókó ọkàn náà ló ń rí olóbì tó bọ́ sójú ọ̀nà ọmọ, ìbejì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà, àti ọmọ tó fìdí bọ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń pa ìyá. A kò nílò ẹ̀rọ tuntun fún TSC. Ohun tó kù ni kí ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ọkàn, kí ó sì mọ ẹni tí yóò fi ìwé náà ránṣẹ́ sí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ japa ti wọlé. Lóṣù Kẹrin ọdún 2025, mínísítà ètò ìlera Nàìjíríà, Muhammad Ali Pate, sọ pé dókítà tó ju 16,000 lọ ti fi orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀ láàrin ọdún márùn-ún sí méje. Dókítà ọkàn ọmọdé àti dókítà ọpọlọ ọmọdé kò pọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀kan bá lọ, ìpínlẹ̀ odindi lè ṣófo.

Owó sì tún wà níbẹ̀. Àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà fi ń sanwó ìtọ́jú. Òfin adójútòfò ìlera ọdún 2022 sọ adójútòfò di dandan fún gbogbo èèyàn, àmọ́ òfin inú ìwé kọ́ ni yóò ra vigabatrin fún ọmọ oṣù mẹ́rin. Kì í ṣe oògùn tí èèyàn ń rí ní gbogbo ilé ìtajà oògùn. Ìdílé tó bá rí i rà lóṣù yìí kò mọ̀ bóyá yóò rí i lóṣù tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ wárápá kì í dúró de owó oṣù.

Àwọn ìbéèrè tó yẹ kí òbí béèrè

Bí wọ́n bá sọ fún yín pé kókó wà lọ́kàn ọmọ yín, ẹ béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀ fún yín:

- Ṣé kókó gan-an ni, àbí àmì funfun tí kò ní ìpalára? Ta ni dókítà ọkàn tó lè tún un wò?
- Ẹyọ kan ni àbí púpọ̀? Ṣé ó dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀? Ṣé ọkàn ń lù déédéé? Ṣé omi wà lára ọmọ?
- Ìgbà wo ni kí n padà wá fún skáànù mìíràn?
- Ṣé ẹ lè yẹ awọ ara èmi àti ọkọ mi wò, kí ẹ sì wo kíndìnrín wa?
- Ilé ìwòsàn wo ni kí n bímọ sí, tí dókítà ọmọdé yóò wà nítòsí?
- Lẹ́yìn ìbímọ, ta ni yóò wo ọpọlọ ọmọ, níbo ni EEG wà, àmì wo ni kí n máa ṣọ́?

Bí ẹ bá ti ní ọmọ kan tó ní TSC, ẹ sọ fún dókítà yín kí ẹ tó tún lóyún, tàbí ní kété tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ti lóyún.

Kí ló ṣe é ṣe lọ́dún yìí?

Kò sí ẹni tó ń retí pé gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ yóò ní yàrá àyẹ̀wò jíìnì lọ́la. Àmọ́ àwọn ohun kan wà tí kò ná owó púpọ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni ní skáànù lè sọ wíwo yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkàn di dandan. Àwọn ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ṣègùn lè fi nọ́ńbà fóònù kan síta tí ẹni tó ṣe skáànù ní ìgboro lè fi àwòrán ránṣẹ́ sí. Àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tó ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí wọ́n ń rí ọmọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mẹ́wàá àti mẹ́rìnlá, lè kọ́ láti dá àmì funfun bí ewé mọ̀ lára ọmọ, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ ìyá bóyá ọmọ ń káwọ́ kó. Ètò adójútòfò lè ka oògùn wárápá ọmọdé mọ́ ohun tó ń san owó fún.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú yàrá skáànù tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá náà yóò dìde, yóò nu ikùn rẹ̀, yóò gba ìwé kan lọ́wọ́ ẹni tó ṣe skáànù. Lọ́pọ̀ ibi lónìí, orúkọ kókó náà nìkan ló máa ń wà nínú ìwé yẹn, lédè tí kò yé e, yóò sì gbé e lọ sílé bí ẹni gbé ìdájọ́. Bí orúkọ dókítà, ọjọ́ tí yóò lọ rí i, àti gbólóhùn mẹ́ta lédè rẹ̀ nípa ohun tí yóò máa ṣọ́ lára ọmọ bá wà nínú ìwé kan náà, ọmọ rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ dókítà kó tó dé ọ̀dọ̀ alágbo.